Ẹsẹ̀ Àlùwàlá Níwájú Ààrò

Ní Òwu, l'Abẹ́òkúta, àwọn kan ṣì wà tí wọ́n gbà pé ẹnu mi ló pa ọkọ mi. Wọn kì í sọ ọ́ sí mi létí. Bí mo bá pe ilé lórí fóònù, wọn a kí mi dáadáa, wọn a bi mí nípa òtútù, wọn a ní kí n máa fi àdúrà rántí àwọn. Ṣùgbọ́n mo ti bá wọn gbé rí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀.

Mo ti darúgbó. Orúnkún ń dùn mí, mo sì ń gbé ní ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń ṣú nígbà òtútù kí oúnjẹ ọ̀sán tó dà nínú èèyàn. Mo fẹ́ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fúnra mi. Àwọn tó ń sọ ọ́ lọ́nà tiwọn kò tíì dákẹ́, mi ò sì fẹ́ kú kí tiwọn nìkan ṣẹ́ kù.

Tíṣà físíìsì ni mí nígbà náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin. Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n ti bí mi, ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo sì fẹ́ Ràṣídì, ọmọ ilé oníṣòwò kan ní Òwu. Aṣọ ni baba wọn ń tà. Àwọn ọmọ ló bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì yíyan ní ẹ̀yìnkùlé, igi ni wọ́n sì fi ń yan án, títí ẹ̀gbọ́n Ràṣídì fi ní ó tó àkókò láti lo ààrò iná mànàmáná. Alájì ni gbogbo ilé ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, Alájì náà ni màá sì máa pè é níbí. Òun ní tirẹ̀, Tíṣà ló ń pè mí. Bó ṣe máa ń pè é, o máa rò pé ohun tí mo jí ni.

Ààrò náà dé láti òkè òkun, ó ga ju èèyàn lọ, irin dídán ni gbogbo ara rẹ̀. Fáànù wà ní ẹ̀yìn inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ń fẹ́ ooru kiri kí búrẹ́dì tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ lè jiná bákan náà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan án, bùrékà tó máa ń gé iná bí ewu bá wà já. Wọ́n gbé e padà, ó tún já. Jìnádù, oníwáyà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Alájì, yẹ ẹ̀yìn ààrò wò, ó ní wáyà kan ló ń fa wàhálà, ó sì fi píláyà gé e. Ó fi téépù dúdú wé orí rẹ̀. Bùrékà kò já mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo wà níbẹ̀. Mo rí àwọ̀ wáyà náà, àwọ̀ ewé tó ní ilà ìyeyè.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "wáyà ilẹ̀ ni ẹ gé yẹn. Òun ló ń gba iná tó bá ń jò nínú ẹ̀rọ, tó ń gbé e lọ sínú ilẹ̀. Bùrékà yẹn ń já nítorí pé iná ń jò. Ní báyìí, ara irin ààrò ni iná náà máa jókòó sí. Ó máa pa èèyàn."

"Ó máa pa ta?"

"Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án."

Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Tíṣà, má fẹnu rẹ pe ikú wá sínú ilé wa o."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń po ìyẹ̀fun rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ẹ lọ fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ yín ní kíláàsì."

Ràṣídì fà mí lọ́wọ́ aṣọ. Ó ní, "Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ná." Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìyẹn ni gbogbo wọn fi fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀. Mo ti bínú sí i fún un láti ọjọ́ yẹn di òní.

Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi mọ̀ pé ààrò náà máa ń gbọn èèyàn. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, iná a ta wọ́n títí dé èjìká. Ẹ wo ohun tí wọ́n wá ṣe. Wọ́n tẹ́ pákó síwájú rẹ̀. Wọ́n to sílípáàsì rọ́bà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin: ẹ bọ́ bàtà ìta, ẹ wọ rọ́bà, ẹ dúró lórí pákó kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn ààrò. Òṣìṣẹ́ tuntun ò tíì ní mọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun tí wọ́n á ti kọ́ ọ ní ìyẹn. Wọ́n sọ ààrò náà ní Alágídí. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni ń fi ajá burúkú tí olówó rẹ̀ fẹ́ràn ṣe yẹ̀yẹ́. Wáyà tí ó yẹ kí wọ́n so padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n kọ́ àṣà lé e lórí.

Mo ń ti ilé-ìwé bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé ìwé àwọn ọmọ dání. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Búútà àlùwàlá Ràṣídì wà nílẹ̀ níbi tó máa ń gbé e sí, omi ṣì ń jò ní ẹnu rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan. Mo wo inú ilé búrẹ́dì: fáànù ààrò ń yí, búrẹ́dì ń jóná nínú rẹ̀, pákó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti gba ẹnu ọ̀nà iwájú gbé Ràṣídì lọ sí ọsibítù. Kò sí ẹni tó rántí pa iná.

Lórí sìmẹ́ǹtì, láti ibi búútà dé ibi ààrò, mo rí ipasẹ̀ ẹsẹ̀ tútù. Ẹsẹ̀ lásán, àtàńpàkò rẹ̀ yà sọ́tọ̀ bíi ti Ràṣídì. Ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ fún ìrun àlàásárì, ó gbọ́ òórùn búrẹ́dì tó ń jóná, ó sì sáré wọlé láìronú bàtà, omi ń kán ní apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì di ọwọ́ ilẹ̀kùn ààrò mú. Bó ṣe rí nìyẹn. Ipasẹ̀ náà lọ síbi ààrò, kò sí èyí tó padà. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó, ó ń gbẹ láti ẹnu ọ̀nà wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kò fi kù rárá.

Níbi àdúrà fídáù, Alájì dìde láàárín àwọn èèyàn. Kò pariwo. Ó ní, "Gbogbo yín gbọ́ ọ nígbà tó sọ ọ́. Ó ní ó máa pa èèyàn. Ó sì ti pa á."

Àwọn obìnrin tó jókòó tì mí sún díẹ̀ kúrò. Bí ó ti ṣe di ẹjọ́ mi nìyẹn. Ohun tí mo fi ẹ̀kọ́ mọ̀, wọ́n ní èpè ni. Ẹni tó gé wáyà wà níbẹ̀ tó ń jẹ sààrà, wọn ò bi í ní nǹkan kan. Wọ́n ta ààrò náà lẹ́yìn ìyẹn, bó ṣe wà, pẹ̀lú téépù dúdú lórí wáyà. Mi ò mọ ẹni tó rà á. Mo ṣì máa ń ronú nípa ẹni náà.

Nígbà tí mo fẹ́ kó jáde, wọ́n ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n fi Kúbúrà sílẹ̀, ọmọ wa kan ṣoṣo. Alájì ní, "Ẹ̀jẹ̀ wa ni. A ò lè fi lé ẹni tó ní irú ẹnu yẹn lọ́wọ́." Mo rò pé màá tètè ríṣẹ́ ní òkè òkun, màá sì ránṣẹ́ pè é. Nígbà tí mo ní agbára láti ránṣẹ́ pè é, ó ti dàgbà tó láti sọ pé òun ò wá.

*

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni búrẹ́dì. Wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kò sì ní òórùn kankan. Mo ra ọ̀kan, mo gbé e sí imú, mo sì bú sẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tó wà níbi owó bi mí bóyá ó ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdákẹ́jẹ́. Mo kí àwọn èèyàn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní ẹ kú àárọ̀ ní èdè wọn, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe, obìnrin kan sì gbé báàgì rẹ̀ sí apá kejì. Mo fi ìwé-ẹ̀rí físíìsì mi hàn wọ́n níbi tí wọ́n ti ń wá òṣìṣẹ́. Wọ́n yìn mí púpọ̀, wọ́n sì fún mi ní mọ́ọ̀pù.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ní kíṣìnnì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, alásè wọn, obìnrin sísanra kan tí kò burú, tẹ bọ́tìnì kan, mo sì gbọ́ ọ. Fáànù. Ìró kan náà, bí ẹni ń mí gígùn tí kò sì dáwọ́ dúró. Ààrò wọn kéré sí tiwa, ṣùgbọ́n irin dídán ni, fáànù sì wà lẹ́yìn inú rẹ̀.

"Bá mi ṣí i," ó ní.

Mi ò lè ṣe é. Mo bi í bóyá sílípáàsì rọ́bà wà.

"Sílípáàsì kẹ̀? Fún kí ni? Kò ní bù ọ́ jẹ."

Mo fi tówẹ̀lì gbígbẹ wé ọwọ́ mi ní ìlọ́po-ìlọ́po kí n tó fà á. Ó sọ ọ́ fún gbogbo kíṣìnnì. Fún ìgbà pípẹ́, bí mo bá ti wọlé, ẹnì kan a ní, "Ẹ ṣọ́ra o, ààrò ti jí!" wọn a sì rẹ́rìn-ín. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín kì í ṣe tuntun sí mi.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé mo máa ń rí ipasẹ̀. Mo lè fọ ilẹ̀ kíṣìnnì tán, kí n yíjú lọ da omi nù, kí n sì bá ẹsẹ̀ lásán lórí táìlì tútù, àtàńpàkò rẹ̀ yà sọ́tọ̀, tó kọjú sí ààrò. Mo máa ń nù ún kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Ẹni tó yí iṣẹ́ mi padà ni Dẹ́sìmọ́ńdì, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, tó ń wá tún àwọn ààrò ṣe. Irun rẹ̀ ti funfun, kì í kánjú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lẹ́nu iṣẹ́, kò tiẹ̀ wo ọ̀nà ààrò. Ibi ṣúìṣì ńlá tó wà lára ògiri ló kọ́kọ́ lọ. Ó pa á, ó fi àgádágodo pupa há a, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò ṣòkòtò. Ó mú tẹ́sítà tí wọ́n fi ń wá iná jáde. Ó kọ́kọ́ fi kan sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní iná, láti mọ̀ pé tẹ́sítà náà ń ṣiṣẹ́. Ó fi kan inú ààrò, kò sí iná. Ó tún padà lọ fi kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, bóyá tẹ́sítà náà kú láàárín méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó fọwọ́ kan nǹkan. Mo fi mọ́ọ̀pù sílẹ̀, mo ń wò ó. Mi ò tíì rí ọkùnrin tó bẹ̀rù iná tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì tijú ẹ̀rù náà.

Ó tú ẹ̀yìn ààrò. Wáyà ilẹ̀ wà níbẹ̀, ó ki pọ́pọ́, wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ irin. Mi ò mọ ìgbà tí mo na ìka sí i.

Ó wò mí. "Ta ni o pàdánù, àbúrò mi?"

"Ọkọ mi."

"Wọ́n ò so ó ni?"

"Wọ́n gé e."

Kò ní kí n pẹ̀lẹ́. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tan án síbẹ̀ kí òun lè rí i dáadáa, ó sì fún nọ́ọ̀tì náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dẹ̀.

Ipasẹ̀ rẹ̀ ni mo tẹ̀lé títí mo fi padà sí kíláàsì láàárín àwọn ọmọdé tó lè jẹ́ ọmọ mi, tí mo gbàwé-ẹ̀rí, tí mo sì di ẹni tó ń gbé ààrò kalẹ̀, tó ń tún un ṣe. Dẹ́sìmọ́ńdì fún mi ní àgádágodo tèmi lọ́jọ́ tí mo gbàwé-ẹ̀rí náà. Pupa ni, orúkọ mi wà lára rẹ̀.

Mo rántí ilé-ìwé kan. Mo ti ti ṣúìṣì pa, mo ti tú ẹ̀yìn ààrò, ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀ dé ìgúnpá. Ọ̀gá kíṣìnnì wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Tan án! Àwọn ọmọ ń dúró de oúnjẹ."

"Kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i."

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni," mo ní. "Ó wà lápò mi."

Ó pariwo, ó pe ọ̀gá tirẹ̀ lórí fóònù, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. Mo ń ṣiṣẹ́ mi lọ. Nígbà tó yá, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró dè mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí ọkùnrin pariwo lé mi lórí nítorí ààrò tí nǹkan kan ò sì ṣẹlẹ̀ ju pé ó dúró. Mo padà sílé, mo jẹ ẹ̀bà tó gbóná, mo sì sùn dáadáa.

*

Àwọn tó jẹ́ ọjọ́ orí mi níbí máa ń bi ara wọn pé ibo ni ilé. Níbí, orúkọ mi ni wọ́n ń pè mí láìfi nǹkan kan ṣíwájú rẹ̀, ọmọ kékeré àti àgbà. Ó dùn mí fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn náà ó mọ́ mi lára. Ní Òwu, Ìyàwó ni wọ́n ṣì ń pè mí. Wọ́n lé mi, wọ́n gba ọmọ mi, ṣùgbọ́n wọn ò gba orúkọ yẹn padà. Ìyàwó ẹni tó ti kú, ní ilé tí kò fẹ́ mi. Bí mo bá gbọ́ ọ lórí fóònù, ara mi ṣì máa ń fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún tó ń dùn mí yìí náà. Mo kórìíra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún mi láti kúnlẹ̀.

Kúbúrà ṣì kéré nígbà tó bi mí lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ sọ pé Dádì máa kú?"

"Mo sọ pé wáyà tí wọ́n gé máa pa èèyàn."

"Kí ló dé tí ẹ sọ ọ́?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un bí iná ṣe ń wá ọ̀nà dé inú ilẹ̀, pé bí kò bá rí wáyà, ó máa gba ara èèyàn. Káàdì tí mo fi ń pè tán lẹ́nu ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo tún pè, ó sọ̀rọ̀ nípa ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ ọmọ tó bí, ohun tí a ń sọ láti ìgbà náà nìyẹn. Bó bá sì fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, kì í gbàgbé láti sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ohun tó dáa sí wa." Ó máa ń sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ̀rù ẹnu mi ló ń bà á.

Ó dàgbà, ó gba ilé búrẹ́dì náà lọ́wọ́ Alájì tó ti di arúgbó, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ṣáájú òjò tó kọjá yìí, ó pè mí, ó ní kí n tan kámẹ́rà.

"Mọ́mì, ẹ wò ó!"

Ààrò tuntun ni. Tòkunbọ̀ ni o, ṣùgbọ́n ó dán. Mo mọ irú rẹ̀, mo ti tú ẹ̀yìn irú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń gbé fóònù kiri kí n lè rí gbogbo ara rẹ̀.

"Ó kọ́kọ́ ń já bùrékà," ó ní, "ṣùgbọ́n ọmọ Jìnádù ti tún un ṣe."

"Ọmọ Jìnádù?"

"Òun ló gba iṣẹ́ baba rẹ̀."

"Mú mi dé ẹ̀yìn rẹ̀."

Ó mú mi débẹ̀. Wáyà àwọ̀ ewé oní-ìlà ìyeyè, wọ́n gé e, wọ́n fi téépù dúdú wé orí rẹ̀. Bó ṣe ń yí fóònù padà, mo rí ilẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ pákó síwájú ààrò. Sílípáàsì rọ́bà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tò ó dáadáa.

"Ta ló ní kí ẹ kó àwọn sílípáàsì yẹn síbẹ̀?"

"Alájì ni. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é láyé àtijọ́ nìyẹn."

Mo la ẹnu. Ó rí ojú mi lórí fóònù, tiẹ̀ sì yí padà.

"Mọ́mì. Ẹ má sọ ọ́."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ẹ má sọ ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Àwọn òṣìṣẹ́ wà níbí, wọ́n ń gbọ́."

Ọmọ tí mo bí ló ń bẹ̀ mí pé kí n má fi ẹnu mi pa òun. Bí mo bá sì dákẹ́, yóò ṣe àlùwàlá lọ́jọ́ kan, yóò gbàgbé bàtà. Mo fi eyín di ètè mi mú. Lẹ́yìn náà mo rántí Dẹ́sìmọ́ńdì, tó ti wà nínú ilẹ̀ báyìí, pé kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n á ṣe ló máa ń sọ.

"Ṣé tẹ́sítà wà nílé?" mo ní.

"Ó wà."

"Wọ sílípáàsì rẹ, má bọ́ ọ. Ibi tó ní rọ́bà ni kí o dì mú, kí ìka rẹ kan ìdí rẹ̀ nìkan. Fi kan sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́. Kí lo rí?"

"Ó tàn."

"Fi kan ilẹ̀kùn onírin tó wà lẹ́yìn rẹ."

"Kò tàn."

"Ó dáa. Fi kan ara ààrò."

Mo rí i tó na apá, tó fi ẹnu tẹ́sítà kan irin náà.

"Mọ́mì, ó ń tàn."

"Padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì."

"Ó tàn." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo tún fi kan ààrò, ó ń tàn. Àní irin ìta rẹ̀. Ibi tí a máa ń dì mú."

"Mi ò sọ nǹkan kan o, Kúbúrà. Tẹ́sítà ló sọ ọ́."

Ó dúró pẹ̀lú tẹ́sítà lọ́wọ́. Mo rí i tó ń wo pákó, tó ń wo àwọn sílípáàsì, tó ń wo ààrò. Èèyàn tó ti lé ní ogójì ọdún ni, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ tó bi mí léèrè lórí fóònù nígbà kan ló fi sọ̀rọ̀.

"Ṣé ohun tí Dádì fọwọ́ kàn nìyí?"

"Òun ni."

Mo ní kó pa ṣúìṣì ńlá tó wà lára ògiri, kó yọ àgádágodo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kó fi há a, kó sì di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Fáànù ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ̀pá tó ń kan sìmẹ́ǹtì.

"Ta ló pa á?"

"Èmi ni, bàbá," Kúbúrà ní. "Mo ti tì í pa."

"Gbé fóònù yẹn wá." Ojú Alájì kún fóònù náà, ó ti rù, ṣùgbọ́n òun náà ni. "Ìyàwó."

"Ẹ n lẹ́ o, Alájì."

"Kí lo tún sọ fún ọmọ yìí?"

"Mo ní kó fi tẹ́sítà kàn án."

"Búrẹ́dì ọ̀la ńkọ́?"

"Ẹ fi igi yan án."

"Tíṣà, o ò yí padà. Ẹnu rẹ yẹn—"

"Ẹnu mi kọ́, Alájì? Ó dáa. Wáyà tí ẹ gé kò ṣe nǹkan kan, ẹnu mi ló ṣe é. Kúbúrà ti pa iná, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìdí ìró rẹ̀, gbogbo yín ni ẹ rí i. Kò sí iná níbẹ̀ rárá. Ẹ bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ yín, kí ẹ lọ fọwọ́ kàn án."

Ó wo ààrò. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò ó. Kúbúrà ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó sì kọjú rẹ̀ sí ilẹ̀, bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀. Mo rí ẹsẹ̀ Alájì nínú sílípáàsì rọ́bà. Kò bọ́ ọ.

Ó mọ̀. Rọ́bà kì í gbani lọ́wọ́ èpè, iná nìkan ló ń dá dúró. Láti ọjọ́ tí Ràṣídì ti kú ló ti mọ̀. Ó dúró níbi fídáù, ó sì sọ ohun tó sọ, tòun ti mímọ̀ náà. Kò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi títí di òní, mi ò sì dárí jì í. Mo kọ ìyẹn náà síbí kí ó lè wà níbẹ̀.

*

Kúbúrà wá oníwáyà mìíràn, àgbàlagbà kan láti Pápálántò tó ti ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó bá ohun tó ń fa wàhálà láti ìbẹ̀rẹ̀: irin tó ń mú ooru wá nínú ààrò ti fa omi nínú ọkọ̀ ojú omi, ibẹ̀ ni iná ti ń jò. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ri irin gígùn mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn, ó fa ààrò kúrò lára ògiri kó lè rí atẹ́gùn, ó sì fi ẹ̀rọ tó ń wọn iná wọn gbogbo rẹ̀. Kúbúrà gbé fóònù sí i kí n lè rí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tan án. Bùrékà kò já. Tẹ́sítà kò tàn lára irin. Wọ́n kó pákó jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti Kúbúrà ń sọ̀rọ̀, ó gbé fóònù ti agolo lórí tábìlì ìyẹ̀fun, ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ ṣe àlùwàlá. Mo gbọ́ omi búútà. Lẹ́yìn náà ẹnì kan pariwo láti iwájú ṣọ́ọ̀bù pé, "Àǹtí, búrẹ́dì fẹ́ jóná o!"

Ó sáré wọlé. Kò wọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀. Omi ń kán ní apá rẹ̀ méjèèjì.

Mo mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀. Mo ti rí irin náà, mo ti rí nọ́ọ̀tì náà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dìde láti inú mi, ó dé ọ̀fun, ó dé ẹ̀yìn eyín. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi.

Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn ààrò mú. Ó ṣí i. Ooru bo ojú rẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ bọ́tìnì, ó ń bú ẹni tó yẹ kó ti mójú tó o. Lẹ́yìn náà ó padà, ó kọjá níwájú fóònù, ó dúró.

"Mọ́mì? Kí ló dé tí ẹ fọwọ́ bo ẹnu?"

"Kò sí nǹkan," mo ní. "Lọ kírun."

Ó lọ. Mo ń wo sìmẹ́ǹtì náà títí ó fi gbẹ. Ẹsẹ̀ tútù lọ síbi ààrò. Ẹsẹ̀ tútù padà.